Àwọn Mẹ̀kúnnù Ní Í Ṣíwájú Òkú

Orí ìdúró ni wọ́n ti ṣe ìgbìmọ̀ náà, nítorí kò sí ẹni tí ó lè jókòó sórí yìnyín. Àwọn olóko ńlá Erlengrund, ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Jámánì, pagbo yí iná kan ká ní orí òkè. Ẹ̀yìn wọn ni àwọn kẹ̀kẹ́ ẹrù wọn tò sí, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, tí èémí àwọn ẹṣin sì ń rú túú bí èéfín àárò. Níwájú wọn, ọ̀nà dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí ìsàlẹ̀. Omi dídì ti mú kí ó máa dán bí àwo tánganran, ó sì já sí ẹnu afárá odò Kress. Láti ìhà ibi tí oòrùn ti í yọ, ìbọn àgbá àwọn ará Rọ́ṣíà ń kù rìrìrì. Ogun tí àwọn ọmọ wọn gbé lọ sí ìlú onílùú ti mọ ọ̀nà ilé wá.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò ní oko nínú àwọn tí ó yí iná náà ká. Tíṣà Gotthilf Ansorge ni. Òun ni ó ń kọ́ àwọn ọmọ Erlengrund ní ìwé, òun ni ó ń tẹ dùùrù ní ilé ìjọsìn wọn, òun náà ni ó sì ń kọrin nígbà tí wọ́n bá ń sìnkú. Láti ìgbà tí ó ti dé ìlú náà ní ọ̀dọ́mọkùnrin, kò sí ilé kan níbẹ̀ tí kò tíì fi ọ̀dà yà sára aṣọ àwòrán, kò sì sí arúgbó kan tí kò tíì bi ní ìtàn ìdílé rẹ̀. Ó mọ ìlú náà ju àwọn tí a bí síbẹ̀ lọ. Èyí gan-an ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ̀yin àgbà," ni ó wí, "ọ̀rọ̀ yìí kò le. Ọ̀gá sójà tí ó ń ṣọ́ afárá ti sọ fún wa pé afárá náà ti sán. Kẹ̀kẹ́ ńlá kò gbọdọ̀ gùn ún ju ẹyọ kan lọ lẹ́ẹ̀kan, ìrìn ìgbín ni yóò sì máa rìn. Ṣùgbọ́n ọmọlanke àti kẹ̀kẹ́ màlúù lè tò tẹ̀ lé ara wọn bí ewúrẹ́. Ẹ jẹ́ kí àwọn aláhéré tí kò ní oko kọ́kọ́ kọjá. Kí ẹ tó ta ṣẹ́ẹ̀nì mọ́ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ yín tán kí ó má baà yọ̀, wọn yóò ti dé òdìkejì. Bí ẹ̀yin bá ṣíwájú, wọn kò ní í kọjá mọ́. Bí iná àmì pupa bá ti fò sókè láti orí òkè ẹ̀yìn wa, àwọn sójà yóò fọ́ afárá yẹn, yálà ènìyàn ṣẹ́ kù tàbí kò ṣẹ́ kù."

Traugott Seiffert, baálẹ̀ Erlengrund, na ọwọ́ sí iná. Ọkùnrin tí èjìká rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn àká ni. Kì í yára sọ̀rọ̀, kì í sì í yí ọ̀rọ̀ padà.

"Tíṣà, ta ní ń jókòó sí bẹ́ǹṣì iwájú nílé ìjọsìn?"

"Ẹ̀yin ni, Baálẹ̀."

"Ta ló tẹ̀ lé mi?"

"Ilé Kuschel."

"Ta ló wà nídìí ilẹ̀kùn?"

"Àwọn aláhéré," ni Seiffert dáhùn fúnra rẹ̀. "Ó parí. Bá a ṣe ń jókòó níwájú Ọlọ́run la ó ṣe gun afárá."

Ohun tí ó dun Ansorge jù ni pé òun fúnra rẹ̀ ni ó pọ́n ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gún un. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ilé Seiffert àti ilé Kuschel jà lórí bẹ́ǹṣì iwájú débi pé wọn kò kí ara wọn mọ́ ní ọjà. Òun ni ó lọ tú àwọn ìwé àtijọ́ ní òkè àjà ilé ìjọsìn, tí erùpẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Òun ni ó rí i pé lẹ́yìn ogun àwọn ará Swídìn láyé àtijọ́ ni àwọn baba ńlá wọn to ìjókòó náà, oko ńlá síwájú, oko kékeré tẹ̀ lé e, ahéré sí ẹ̀yìn. Ó kà á sí wọn létí ní ọjọ́ Ìsinmi. Wọ́n patẹ́wọ́, wọ́n sì fún un ní itan ẹlẹ́dẹ̀. Ẹyin lohùn, tirẹ̀ ti balẹ̀ ó sì ti fọ́, àwọn olóko ńlá sì ń fi èèpo rẹ̀ gún un lẹ́sẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ ìjókòó ni mo sọ, Baálẹ̀. N kò sọ ti ogun."

"Ṣebí lẹ́yìn ogun ni wọ́n tò ó?" ni Kuschel dá sí i, àwọn yòókù sì rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin pupa tẹ́ẹ́rẹ́ ni Kuschel, ahọ́n rẹ̀ kì í gbé ẹnu jẹ́ẹ́. "Tíṣà, ẹ wò ó, ẹ̀yin kì í ṣe ọmọ Erlengrund. Kò lè yé yín."

"Inú ilẹ̀ yín ni mo sin ìyàwó mi sí."

"Ìyàwó yín ló wà níbẹ̀. Bàbá yín ńkọ́?"

Seiffert gbé ọwọ́ sókè, ẹ̀rín dá. "Mo fi ilẹ̀ baba mi búra," ni ó wí, "n kò ní í jẹ́ kí ètò tí mo bá lọ́wọ́ àwọn àgbà bàjẹ́ ní ojú ayé mi." Kò sì sí ẹni tí ó ní ìgboyà láti rán an létí pé àná ni ó kúrò lórí ilẹ̀ náà, tí ó fi ẹran ọ̀sìn rẹ̀ sílẹ̀ tí wọ́n ń ké ní ibùjẹ.

Wọn ì bá ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn aṣojú ìjọba ti wí pé ẹni tí ó bá di ẹrù kí àṣẹ tó dé, ọ̀dàlẹ̀ ni. Àwọn ará Erlengrund sì jókòó ti àṣẹ bí ẹni tí ó jókòó ti ìkòkò tí kò sí iná lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí àṣẹ dé, fèrèsé ti ń gbọ̀n. Ansorge sáré tọ Seiffert lọ, ó bẹ̀ ẹ́ fún àyè díẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ńlá rẹ̀ láti kó àwọn àwòrán ìlú sí. Seiffert wo àgbá ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ rẹ̀, ó wo Ansorge. "Tíṣà, àwòrán kì í bọ́ ènìyàn." Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ gbogbo ayé rẹ̀ ṣe wà lẹ́yìn dùùrù ní Erlengrund, tí ó dojú kọ ògiri.

Ó kúrò nídìí iná, ó sì rin ìrìn ìbínú lọ sí ìparí ìtò. Ó kọjá kẹ̀kẹ́ àwọn olóko ńlá tí wọ́n fi ẹní àtẹ́ẹ̀ká bò lórí. Ó kọjá ti àwọn olóko kékeré. Ó dé ọ̀dọ̀ àwọn aláhéré tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀ kí ó má baà kú mọ́ wọn lára. Bruno Pätzold ni ó kọ́kọ́ rí i. Ahun-agbọ̀n ni Pätzold, òun ni ó sì ń gbẹ́ sàréè ní ìlú. Ó so màlúù méjì mọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀, Liese àti Lotte, ó sì fi àpò bo ìdí wọn bí ẹni fi ìborùn bo ọmọge.

"Tíṣà! Kí làwọn ọba wí?"

"Wọ́n ní kí ẹ dúró sídìí ilẹ̀kùn."

"Ó kúkú dáa. Ìdí ilẹ̀kùn lèèyàn ti máa ń tètè sá jáde bí ìwàásù bá gùn jù."

"Bruno, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Ìdí ilẹ̀kùn ni àwọn ará Rọ́ṣíà máa gbà wọlé."

Pätzold wo inú kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Inú kẹ̀kẹ́ náà ni Adelheid wà, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Ansorge bí, ó di ọmọ ọwọ́ rẹ̀ mọ́ àyà lábẹ́ ìbora oníyẹ́. Ọkọ rẹ̀ ti kú sí ojú ogun. Tíṣà kò ní ẹṣin, kò ní màlúù; àánú Pätzold ni wọ́n wọ̀. Ọmọ náà ń wúkọ́, ikọ́ kékeré gbígbẹ bí ìgbà tí ènìyàn ń ṣẹ́ igi wẹ́wẹ́.

"Wọ́n kọ̀, àbí?" ni Adelheid wí.

"Wọ́n kọ̀."

"Bàbá, láti kékeré mi lẹ ti ń sọ ìtàn wọn fún wọn. Ọgbọ́n wo ni wọ́n kọ́ níbẹ̀?"

"Wọ́n kọ́ ẹni tí í jókòó síwájú."

"Ẹ tọ ọ̀gá sójà lọ. Ẹ bẹ̀ ẹ́. Ẹ kúnlẹ̀ bó bá gbà bẹ́ẹ̀." Ó fa ìbora bo orí ọmọ. "Èmi ò ní í fi ọmọ yìí sílẹ̀ nítorí bẹ́ǹṣì."

Ansorge gba ẹ̀gbẹ́ igbó sọ̀ kalẹ̀, ó ń di ẹ̀ka igi mú kí ó má baà yọ̀. Ọ̀dọ́kùnrin ni ọ̀gá sójà náà, irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì kún, ojú rẹ̀ sì pọ́n bí ojú ẹni tí kò mọ oorun mọ́. Ó ń wo òkè tí ó wà lẹ́yìn Ansorge, kò wo Ansorge.

"Bàbá, iṣẹ́ tèmi ni kí n fọ́ afárá. Ẹni tó máa kọ́kọ́ gùn ún kò kàn mí."

"Ẹ pàṣẹ fún wọn, mo bẹ̀ yín. Bí ẹ bá pàṣẹ, wọ́n á gbọ́. Wọ́n fẹ́ràn àṣẹ."

"Mo ti pàṣẹ pé kí wọ́n yára. Ṣé wọ́n yára?"

"Ẹ rán sójà méjì péré—"

"Sójà wo? Ẹ ka àwọn tí mo ní." Ó nawọ́ sí àwọn mélòó kan tí wọ́n ń wé okùn bọ́ǹbù mọ́ òpó afárá. "Ẹ padà, kẹ́ ẹ lọ bá àwọn èèyàn yín sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ èdè wọn."

Ó mọ èdè wọn lóòótọ́. Bí ó ti ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gun òkè padà, ó ń bú ara rẹ̀ ní èdè náà. Àǹfààní wo ni ó wà nínú mímọ orúkọ baba ńlá ènìyàn bí ẹni náà kò bá gbọ́ nígbà tí o bá ń kígbe pé ilé ń jó? Ó ti ya ilé wọn, ó ti tẹ dùùrù fún ìgbéyàwó wọn, ó ti kó ìtàn wọn jọ bí adìẹ ti í ṣa ọkà láàárín òkúta. Lónìí, ní ọjọ́ kan ṣoṣo tí ó nílò kí wọ́n gbọ́ gbólóhùn kan, àlejò ni.

Nígbà tí ó dé orí òkè, kẹ̀kẹ́ kankan kò tíì sún. Fún ìṣẹ́jú kan ó rò pé wọ́n ti gbà. Lẹ́yìn náà ni ó rí i pé gbogbo àwọn olóko ńlá ti ṣí fìlà, wọ́n sì dúró yí kẹ̀kẹ́ iwájú ká. Seiffert sọ̀ kalẹ̀ láti inú rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Tíṣà," ni ó wí, "Ìyá ti lọ."

Ernestine Seiffert ni ó kú, ìyá baálẹ̀, àgbà obìnrin Erlengrund. Òtútù ni ó pa á, láàárín ìrọ̀rí rẹ̀, nígbà tí àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ ń ta ṣẹ́ẹ̀nì mọ́ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Ansorge ṣí fìlà tirẹ̀ pẹ̀lú. Obìnrin yìí ni ó fún un ní pòtétò ní ìgbà òtútù àkọ́kọ́ tí ó lò ní ìlú náà. Òun náà ni ó sọ ìdajì ìtàn tí ó mọ̀ fún un, tí ó ń fi ọ̀bẹ bó pòtétò tí ó sì ń fi ẹnu bó àṣírí ìdílé.

"Ọlọ́run yóò tù yín nínú, Baálẹ̀."

"Yóò tù mí nínú. Ẹ kọ orin rẹ̀."

Ansorge rò pé òun kò gbọ́ dáadáa. "Nísinsìnyí?"

"Òkú Erlengrund kì í kúrò níbi tó kú sí láìjẹ́ pé a kọ orin ìdágbére fún un. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù."

Ó mọ̀ ọ́n. Òkú fúnra rẹ̀ ni í sọ̀rọ̀ nínú orin náà láti ẹnu Tíṣà; a máa pe ọmọ, a máa pe aládùúgbò, a máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣẹ̀, a sì máa fi àkọ́bí ọmọkùnrin ṣe àṣekágbá. Bí orin bá parí, òkú a gbéra. Orin olówó a máa gùn.

"Baálẹ̀, bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ogun wà lẹ́yìn wa!"

"Ogun wà lẹ́yìn nígbà tí a sin bàbá bàbá mi náà. Ìyá mi kì í ṣe ajá, Tíṣà."

Ìbínú gun Ansorge. Wọn kò ní àyè fún àwọn alààyè láti kọjá, wọ́n ní àyè fún orin. Ó yí ojú sí ìparí ìtò, níbi tí a ti lè rí ìwo Liese àti Lotte bí igi gbígbẹ lójú yìnyín. Ó rí Pätzold tí ó dúró tì wọ́n pẹ̀lú ṣọ́bìrì lórí èjìká, nítorí ó ti gbọ́ pé ẹnì kan kú, ó sì ń bọ̀ wá síwájú gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń bọ̀ wá síwájú. Kò sí olóko ńlá kan tí ó dá a dúró.

Ansorge bèèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Baálẹ̀, bí mo bá kọrin yìí, ìsìnkú ni?"

"Ìsìnkú ni. Kí ló tún lè jẹ́?"

"Bí ó bá jẹ́ ìsìnkú, ta ni í ṣíwájú òkú?"

Ìbọn àgbá dún lẹ́ẹ̀kan, ó sì dún lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Ẹ̀tàn ni!" ni Kuschel pariwo. "Ọkùnrin yìí ń fi òkú tàn wá!"

"Ta ni í ṣíwájú òkú, Baálẹ̀?"

Seiffert wò ó. Ìdáhùn náà wà nínú egungun gbogbo wọn, kò nílò ìwé. Ní ìsìnkú, àwọn aláhéré àti àwọn ọmọ wọn ni í ṣíwájú. Pósí a tẹ̀ lé wọn. Ẹbí a tẹ̀ lé pósí. Lẹ́yìn náà ni àwọn olóko ńlá. Àwọn àgbà wí pé nítorí àwọn mẹ̀kúnnù ni olùṣọ́ ọ̀run fi í tètè ṣílẹ̀kùn.

"Ṣé ẹ̀tàn ni, Tíṣà?"

"Bẹ́ẹ̀ la ṣe nígbà tí a sin bàbá yín. Ẹ̀yin wà lẹ́yìn pósí. Bruno ló wà níwájú."

Kò purọ́. Síbẹ̀ ó mọ ohun tí òun ń ṣe, kò sì lè gbójú sókè wo ọkùnrin náà.

"Ẹ ya kẹ̀kẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́," ni Seiffert wí.

"Traugott!"

"Mo ní kẹ́ ẹ yà á, Kuschel. Ìyá mi ni."

Wọ́n yà á. Bí àwọn ẹṣin ńlá ti ń jan pátákò sínú kòtò ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, Kuschel sún mọ́ Ansorge, ó sì sọ ọ́ sí i létí pé, "Bórin bá ti parí báyìí, òkú gbéra nìyẹn, mo sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Aláhéré tí ò bá tíì kọjá, kó máa wò wá lẹ́yìn." Ó kúrò lọ di ìjánu ẹṣin rẹ̀ mú.

Ó yé Ansorge. Bí orin náà bá ti gùn tó ni ẹ̀mí yóò ti gùn tó. Ó dúró sí ẹnu kẹ̀kẹ́ òkú, ó fi ọwọ́ kan igi rẹ̀ bí ẹni tí ó fi ọwọ́ kan òpó ilé, ó sì bẹ̀rẹ̀.

*Ó dàbọ̀, ẹ̀yin ará ilé, ilẹ̀ ti ṣú fún mi o;*
*èmi Ernestine, ìyàwó ilé Seiffert, mo ń lọ.*
*Ẹni mo ṣẹ̀, kó dárí jì mí;*
*ẹni tó ṣẹ̀ mí, mo ti gbàgbé.*

Pätzold sáré padà sídìí màlúù rẹ̀, ó fi ìka kan ẹnu fún àwọn tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ kí wọ́n má ṣe béèrè ohunkóhun, ó sì fa Liese. Àwọn aláhéré bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Ọmọlanke tẹ̀ lé kẹ̀kẹ́ màlúù, kẹ̀kẹ́ ọmọ ọwọ́ tẹ̀ lé ọmọlanke, obìnrin arúgbó kan sì jókòó sórí pákó tí àwọn ọmọ fi í ṣeré lórí yìnyín, tí ọmọbìnrin rẹ̀ ń fà á. Ansorge pe àwọn ọmọ olóògbé, ó pe àwọn ọmọ ọmọ. Ó yẹ kí ó kan àkọ́bí. Kò pè é. Ó mí kanlẹ̀, ó sì yà sí ìlú.

*Ó dàbọ̀, ilé Pätzold, ahun-agbọ̀n tí agbọ̀n rẹ̀ kì í jò;*
*ògiri ilé rẹ̀ wọ́, èéfín inú rẹ̀ dùn;*
*ẹ̀yin lẹ gbẹ́ ilé ìkẹyìn fọ́kọ mi,*
*ẹ ò gba nǹkan kan.*

"Mo gba ọtí o," ni Pätzold sọ wúyẹ́wúyẹ́ bí ó ti ń kọjá, kò sì dúró.

"Bàbá!" Adelheid na ọwọ́ láti inú kẹ̀kẹ́. "Ẹ bọ́ síbí! Ẹ máa kọ ọ́ nínú kẹ̀kẹ́!"

Ansorge mi orí, nítorí kò lè fi ẹnu tí ó fi ń kọrin dá a lóhùn. Bí Tíṣà bá kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú, orin ti parí. Ó wo kẹ̀kẹ́ náà bí ó ti ń yọ̀ sọ̀ kalẹ̀, tí Pätzold fi ẹ̀yìn tì í kí ó má baà sáré jù. Ó kọrin ilé ìwé, ilé tirẹ̀, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ọgbà èso, kí ó baà lè dágbére fún ọmọ rẹ̀ ní ẹnu òkú.

Lẹ́yìn èyí, ilé gbogbo ń tọ̀ ọ́ wá. Ó pe ilé tí ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, ó pe ilé tí òrùlé rẹ̀ tẹ̀ síwájú bí fìlà ọ̀mùtí, ó pe opó tí ó ń sin oyin lẹ́bàá ilé ìjọsìn. Ohun tí ó ti fi ọ̀dà yà rí ni ó ń fi ohùn yà báyìí, kò sì sí ẹni tí yóò sọ fún un pé kò sí àyè nínú kẹ̀kẹ́. Àwọn aláhéré ń gbọ́ orúkọ ilé wọn bí wọ́n ti ń kọjá. Àwọn kan sunkún, àwọn kan tẹrí ba fún kẹ̀kẹ́ òkú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni kọrin kí ilé wọn rí.

Nígbà tí ilé tán, tí àwọn ọmọlanke ẹ̀yìn sì ṣì ń bẹ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe ilé tí kò sí mọ́. Ó pe ilé ọlọ tí àwọn ará Swídìn sun; ó pe ilé alágbẹ̀dẹ tí odò gbé lọ.

"Tíṣà!" Kuschel kò lè pa á mọ́ra mọ́. "Ilé yẹn ti jóná kí wọ́n tó bí bàbá bàbá mi! Ìyá mọ̀ wọ́n ni?"

"Pa ẹnu rẹ mọ́," ni Seiffert wí. Ó ti jókòó sí ìjókòó awakọ̀, ìjánu wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì yí ojú padà. "Ìyá máa ń sọ̀rọ̀ ilé ọlọ yẹn."

Ohùn Ansorge ti há. Òtútù ń wọ inú ọ̀fun rẹ̀ bí ayùn, gbogbo ìlà orin sì ń jáde ní ìdajì. Ó kù díẹ̀. Ọmọlanke tí ó kẹ́yìn ti gun afárá. Ó gbé ojú sí Seiffert, ó mí kanlẹ̀ láti pe àkọ́bí.

Iná pupa fò sókè.

Láti orí òkè ẹ̀yìn ni ó ti wá. Ó gòkè, ó dúró díẹ̀, ó sì ń sọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí kò kánjú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìbọn dún ní tòsí. Ọta ńlá kan bọ́ sínú igbó, igi wó lulẹ̀, ẹṣin ta gìrì. Ọ̀gá sójà ń pariwo láti ìsàlẹ̀ pé, "Ẹ fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀! Ẹsẹ̀ nìkan! Ẹ sáré!"

Àwọn olóko ńlá sáré. Wọ́n fi ẹran oníyọ̀ sílẹ̀, wọ́n fi àpótí aṣọ sílẹ̀, wọ́n gé okùn ẹṣin, wọ́n sì fi ìdí yọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí omi dídì láìwo ta ni ó wà níwájú. Kuschel gbé ọmọ rẹ̀ kọ́ ọrùn. Bí ó ti ń kọjá, ó dojú kọ Ansorge. "Ọlọ́run á bi ọ́, ìwọ àlejò yìí! Á bi ọ́!"

Ansorge di ẹsẹ̀ Seiffert mú. "Baálẹ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ."

"Orin ò tíì parí."

"Baálẹ̀!"

"Ìyá pe Pätzold. Ó pe opó olóyin. Ó pe ilé tó ti jóná." Seiffert kò bínú, ohùn rẹ̀ rí bí ti ọmọ tí wọ́n gbàgbé sí ilé ìwé. "Kò tíì pè mí, Tíṣà. Ìyá mi ò tíì dágbére fún mi. Báwo ni mo ṣe máa fi í sílẹ̀?"

Ansorge la ẹnu. Ọ̀fun rẹ̀ kò mú ju èémí lọ jáde. Sójà méjì wá kó àwọn tí ó ṣẹ́ kù; Seiffert di ìjókòó mú, kò sún, wọ́n sì gbá Ansorge mú ní abẹ́ apá. Ó ń jà, ó ń fi ẹsẹ̀ wọ́ ilẹ̀, ó sì ń tiraka láti fi ohùn tí kò sí mọ́ kọ ìlà kan péré. Wọ́n fà á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n fà á kọjá lórí pákó afárá, wọ́n sọ ọ́ sí ẹ̀bá odò ní òdìkejì bí àpò ọkà. Ilẹ̀ mì. Afárá Kress gbéra sókè, ó sì fọ́ sínú odò pẹ̀lú omi dídì rẹ̀.

Nígbà tí èéfín rọlẹ̀, Adelheid ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọmọ ń wúkọ́ ní èjìká rẹ̀.

"Bàbá, ẹ dìde. Bruno ń dúró. Gbogbo wa la kọjá, gbogbo àwa aláhéré. Ẹ ṣe é, Bàbá. Ẹ dìde."

Ó dìde, ṣùgbọ́n kò bá a lọ. Ní òkè òdìkejì, àwọn kẹ̀kẹ́ ńlá dúró láìsí ẹṣin, ní ìtò tí ó pé pérépéré; ní iwájú wọn, Traugott Seiffert jókòó pẹ̀lú ìjánu lọ́wọ́, ìyá rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ansorge rìn dé etí omi. Ó bu yìnyín sẹ́nu kí ọ̀fun rẹ̀ lè rọ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹnu, ó sì kọ ọ́.

*Ó dàbọ̀, Traugott, àkọ́bí mi, igi ẹ̀yìn ọgbà mi;*
*o gbé mi wá síbi tí ẹsẹ̀ mi ò lè gbé mi dé.*
*Má dúró tì mí mọ́, ọmọ mi;*
*gbé fìlà rẹ dé, kí o máa bá àwọn èèyàn rẹ lọ.*

Omi dídì ń kọlu ara rẹ̀ nínú odò. Atẹ́gùn ń fẹ́ láti òdìkejì wá, ó sì ń dá ohùn rẹ̀ padà sí i lẹ́nu. Ó tún un kọ. Adelheid fà á ní aṣọ. Ó tún un kọ lẹ́ẹ̀kẹta, pẹ̀lú ohùn tí òun tìkára rẹ̀ kò gbọ́ mọ́.

Ní òkè lọ́hùn-ún, Seiffert tẹ̀ síwájú lórí ìjókòó rẹ̀, ó sì gbé àtẹ́lẹwọ́ sí ẹ̀yìn etí.